Ọjọ́ Tí Obìnrin Ilé Bá Ìyá Mi Lọ sí Ìfọ́n

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì mọ ìró so kó má tú, àwọn obìnrin tó tó bí mi lọ́mọ máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ ní àgbàlá ilé wa ní Ìlobù. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ìyàwó ilé ń pè lórúkọ gbàgà, tí ẹ sì ń dáhùn, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní ìgbà tiwa, ọjọ́ orí kọ́ ni wọ́n fi ń mọ àgbà láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n gbé wọlé. Ọjọ́ tí kálukú wọlé ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ì báà ṣe ọmọdé sí ẹni tó tẹ̀lé e. Ọmọ ilé tó bá sì ti wà láyé kí ìyàwó kan tó dé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́, àgbà ni ọmọ náà jẹ́ fún ìyàwó ọ̀hún, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń pè mí ní Awẹ́lẹ́wà, tí àwọn mìíràn ń pè mí ní Eyínfúnjowó, bẹ́ẹ̀ eyín iwájú mi ti ká nígbà náà, ihò ló wà níbẹ̀. Mo ń dáhùn ní tèmi. Ta ni kò fẹ́ oyè ọ̀fẹ́?

Àwọn obìnrin wọ̀nyí ni à ń pè ní obìnrin ilé. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ẹgbẹ́ wọn sì le. Ilé wa tóbi. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń bọ Erinlẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyàwó kan bá bímọ tàbí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́, gbogbo wọn ni yóò tú jáde. Òfin wọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú: bí òkú bá kú nílé bàbá ọ̀kan nínú wọn, gbogbo obìnrin ilé ni yóò bá a lọ. Wọn yóò ru igi ìdáná, wọn yóò ru omi àti ohun jíjẹ, kí àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ má baà fọwọ́ kan iṣẹ́. Ìyàwó tó bá dá nìkan lọ síbi òkú bàbá rẹ̀, àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ á ní ilé ọkọ kò kà á sí ènìyàn. Mo ti rí obìnrin tí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ bá, títí ó fi kú ni wọ́n ń fi bú u.

Àwọn ọkùnrin náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Àwọn tó bá bàbá mi dàgbà ló ń bá a ṣe àáró. Wọ́n á ṣán oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Kò sí ọkùnrin kan tó lè dá oko ro nígbà náà kó sì rí iṣu jẹ dé ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá yọ nínú àáró, koríko ló máa jẹ oko rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ bá ní kí ọkùnrin jókòó, yóò jókòó. Ẹ rántí èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí bá bàbá mi bínú, nítorí èmi náà bínú sí i, inú ṣì ń bí mi nígbà mìíràn.

Ìyá mi kì í ṣe ọmọ Ìlobù. Ọmọ Ìfọ́n ni. Bí ẹ bá mọ àwọn ìlú méjèèjì, ẹ mọ̀ pé bí àkùkọ bá kọ ní ọ̀kan, wọ́n lè fi jí ní ìkejì. A jọ ń fẹ́ ara wa, a jọ ń ná ọjà, èdè kan náà ni à ń sọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà láàárín, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ilẹ̀ máa ń dá sílẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹnì kan hú pèrègún tí wọ́n fi pa ààlà oko. Ta ló hú u? Àwọn tibí ní àwọn tọ̀hún ni, àwọn tọ̀hún ní àwọn tibí ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lu ọmọkùnrin ilé wa kan ní oko, apá rẹ̀ sì ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àhéré ọkùnrin Ìfọ́n kan jóná pẹ̀lú èlùbọ́ tó kó sínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe dí ọ̀nà nìyẹn. Àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù dúró níhìn-ín odò kékeré tó wà láàárín, àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n dúró lọ́hùn-ún, tàdátàdá.

Ilé wa kò dùn ún gbé mọ́. Bí ìyá mi bá dé ìdí kànga, ọ̀rọ̀ á dá. Bí ó bá pọnmi tán tó kúrò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń wò ó bó ṣe ń fi ọwọ́ di ìkòkò omi mú ju bó ti yẹ lọ. Àwọn àgbà ọkùnrin ilé ṣe ìpàdé, wọ́n sì pàṣẹ pé obìnrin ilé kankan kò gbọdọ̀ kọjá odò láìjẹ́ pé ọmọ ilé kan ló ṣíwájú rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin ilé sì ti búra níwájú ẹgbẹ́ wọn pé àwọn kò ní í ṣíwájú ẹnikẹ́ni. Ẹ rí i pé ìlẹ̀kùn ni wọ́n tì, wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ dídùn bo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin Fúlàní tó máa ń kiri wàrà wọlé wá. Òun nìkan ló ń rìn láàárín ìlú méjèèjì láìsí wàhálà, nítorí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìyá mi ń fẹ́ná lọ́wọ́, mo jókòó tì í. Obìnrin náà sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, ó ń fi ewé wé wàrà, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìgbójú sókè.

"Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ. Bàbá ẹ ti lọ lánàá. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa sin ín. Wọ́n ní àkọ́bí ni àwọn ń retí."

Ìyá mi ni àkọ́bí. Kò ké. Ó ki etí ìró rẹ̀ bọnu, ó sì fi eyín dì í mú, ojú rẹ̀ wá pọ́n bí ojú ẹni tí ata ta sí. N kò tíì rí irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí, ẹkún tí kò gbọdọ̀ jáde nítorí pé òkú ọ̀tá ni wọ́n máa sọ pé ó ń sun. Àwọn àgbà máa ń wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí wọ́n bá gbé bàbá rẹ̀ wọlẹ̀ láìsí aṣọ àkọ́bí lára rẹ̀, a jẹ́ pé bàbá náà kò bí i nìyẹn. Ohun tó wà ńlẹ̀ lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ṣé ìyá mi yóò sin bàbá rẹ̀ ni àbí kò ní í sin ín?

Ó lọ bá bàbá mi ní ẹ̀yìnkùlé, ibi tó ti ń ki ẹ̀rúkọ́ bọ ọkọ́. Mo tẹ̀lé e. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Bàbá mi gbé ọkọ́ náà sílẹ̀, ó tún gbé e, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Àwọn ẹgbẹ́ mi ló wà lójú ọ̀nà," ó ní. "Bí mo bá ṣíwájú rẹ, wọ́n á ní mo ti ta ilẹ̀ fún àwọn àna mi."

"Mi ò ní kí ẹ ṣíwájú mi. Ẹ ṣáà má dá mi dúró."

"Bí ìwọ nìkan bá lọ ńkọ́? Àwọn tibí á ní amí ni ọ́. Àwọn tọ̀hún á ní kí lo wá wò. Ta ni yóò gbà ọ́?"

 Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, bàbá mi náà sì ń wo ọkọ́ tó wà nílẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn bàbá tó kú yẹn, mo mọ̀. Àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí abẹ́ igi kan ṣoṣo ní Ìfọ́n, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Síbẹ̀ kò lè dìde.

Ìyálé gbogbo obìnrin ilé wa jẹ́ ìyá arúgbó kúkúrú kan tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Kì í pariwo. Bí ó bá fẹ́ bá ènìyàn wí, ṣe ló máa sún mọ́ ọn, tí yóò sì sọ ọ́ sí i létí, ìyẹn sì burú ju ariwo lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé òkú kú. Ó kàn rí i pé iná ìyá mi ti kú lórí ààrò, tí wàrà sì wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ta ló kú?" Ìyá mi sọ fún un. Kò pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí gbogbo obìnrin ilé fi pé sí ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Ẹ má rò pé gbogbo wọn ló fò sókè pé àwọn ń lọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ìyá ọmọkùnrin tí wọ́n ṣẹ́ lápá. Ó dìde, ó gbá ìró rẹ̀ mọ́ ìdí.

"Àwọn tó ṣẹ́ ọmọ mi lápá ni kí n lọ kí kú ọ̀fọ̀? Kí n tún ru igi fún wọn?"

Òótọ́ ni. Ọmọ náà wà nínú yàrá, ó ń kérora, gbogbo wa ń gbọ́ ọ. Ìyálé sún mọ́ ọn, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí, ṣùgbọ́n mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ.

"Wọn kò ránṣẹ́ pè ọ́ kí o wá kí wọn. Ẹni tí ẹ jọ ń pọnmi ni bàbá rẹ̀ kú. Bí tìrẹ bá kú lọ́la, kí la máa sọ fún ọ?"

Obìnrin náà jókòó. Ó yíjú sí ògiri. 

Ó wá ku ẹni tí yóò ṣíwájú. Àṣẹ àwọn ọkùnrin wà nílẹ̀, kò sì sí obìnrin ilé tó fẹ́ rú òfin ilé lójúkorojú. Ìyálé wo yíká, ojú rẹ̀ kan tó ríran sì dúró sára mi. Òun kì í fi orúkọ ẹ̀yẹ pè mí, nítorí ó ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó bí bàbá mi pàápàá. Lọ́jọ́ náà, ó fà mí mọ́ra, ó tún ìró mi so, ó so ó le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń mí gúlegúle.

"Ìwọ kì í ṣe ọmọ ilé yìí ni?"

Mo ní ọmọ ilé ni mí.

"Ó dáa. Ìwọ lò ń kó wa lọ. Bí wọ́n bá bi ọ́, kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Bí a ṣe jáde nìyẹn. Èmi ni mo wà níwájú, ìyá mi tẹ̀lé mi, ó ru aṣọ tó fẹ́ fi bo bàbá rẹ̀, àwọn obìnrin ilé tò tẹ̀lé e pẹ̀lú igi, omi, epo àti èlùbọ́. Àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sí iwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ilé, béèrè ibi tí à ń lọ. Ìyálé kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ọmọ ilé ló ń kó wa lọ síbi òkú, ẹ̀yin bàbá. Bí ẹ ṣe wí náà la ṣe."

"Ọkùnrin la ní lọ́kàn," bàbá náà wí.

"Ẹ̀yin lẹ gbé wa níyàwó, ẹ ní kí èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ nínú wa máa kúnlẹ̀ fún un. A ti ń kúnlẹ̀. Ṣé kí á dìde ni?"

Bàbá náà wò mí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò lè sọ bí ojú yẹn ṣe wúwo tó. Bí ó bá sọ pé èmi kì í ṣe ọmọ ilé tó lè kó ìyàwó ilé jáde, ó ti ba ètò tó mú òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga olórí ilé jẹ́. Bí ó bá sì gbà, àwa náà ti lọ. Ó yíjú sí bàbá mi. Bàbá mi dorí kodò. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. A kọjá.

Àwọn ọ̀dọ́ Ìlobù tó wà lójú ọ̀nà bú wa díẹ̀, wọ́n pe ìyá mi ní orúkọ tí n kò ní í tún sọ, ṣùgbọ́n ìyá àwọn kan nínú wọn wà láàárín àwọn tó ru igi. Ó ṣòro kí ènìyàn na àdá sí ìyá rẹ̀. Wọ́n yà.

Ọ̀hún odò ni ẹ̀rù wà. Bí ẹsẹ̀ mi ṣe kan omi ni mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n tí wọ́n ń dìde láti abẹ́ igi. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin gíga kan tó so aṣọ mọ́ orí, ní kí á dúró níbẹ̀. Inú omi ni a dúró sí. Ó bi wá ta ló kó wa wá. Gbogbo obìnrin ilé ń wò mí. Mo fẹ́ tọ̀, mi ò purọ́ fún yín. Mo ní, "Èmi ni."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ ilé ìyá mi nìkan, wọ́n lè jẹ́ kí èmi àti ìyá mi kọjá. Ṣùgbọ́n kí ni màá pe àwọn tó wà lẹ́yìn mi? Ọmọ Ìlobù ni mí, ìdí nìyẹn tí mo fi wà níwájú. Mo dárúkọ ilé bàbá mi sókè. Mo wá ní, "Bàbá tó kú ni bàbá ìyá mi. Àwọn ìyàwó ilé wa ni mo kó wá."

Wọ́n kùn. Ọkùnrin gíga náà ní kí ìyá mi nìkan máa bọ̀, ọmọ àwọn ni, kí àwọn tó kù padà. Ìyá mi kò kúrò nínú omi.

"Ẹ ẹ̀ bí mi re bí ẹ bá ní kí n fi àwọn tó sìn mí wá síta," ó wí.  "Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa kọjá, tàbí kí n padà. Bí mo bá padà, ẹ̀yin lẹ máa sọ fún òkú ohun tó dá mi dúró."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ń wo igi tó wà lórí àwọn obìnrin. Bóyá òun ló ni àhéré tó jóná, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín, n kò mọ̀. Ó pariwo pé, "Igi rèé. Wọ́n tún rù ú wá láti fi sun ilé wa." Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ojú gbogbo wọn yí padà. Igi ìdáná tí wọ́n ti ń rù lọ síbi òkú láti ayébáyé, tí ìyá tó bí wọn náà ń rù, ó wá di igi ìjà lójú wọn. Mo gbọ́ tí àdá kan ń kan òkúta. Ìyálé wa kò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó wulẹ̀ ní kí ẹnì kan nínú wọn lọ pe olórí ọmọ osú wá, ìyẹn olórí àwọn ọmọbìnrin ilé bàbá ìyá mi tí wọ́n ti relé ọkọ. Ọ̀rọ̀ igi, ó ní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin.

A dúró. Omi ń tutù lẹ́sẹ̀ mi.  Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ìyá ọmọkùnrin alápá ṣíṣẹ́ lẹ́yìn pátápátá, ó ru ìkòkò omi, ojú rẹ̀ le koko. N kò mọ ìgbà tó dé bá wa. Bóyá ó ti ń tẹ̀lé wa bọ̀ láti ilé.

Àbúrò bàbá ìyá mi obìnrin ni olórí ọmọ osú náà. Ó dé pẹ̀lú ọ̀pá. Kò kí wa, kò wo àwọn ọ̀dọ́. Ẹrù tó wà lórí Ìyálé ló lọ bá tààrà, ó fọwọ́ kan igi náà, ó sì pòṣé.

"Igi tútù. Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ti Ìlobù wá síbi òkú? Ẹ ò tijú. Èéfín lẹ fẹ́ fi pa wá lójú ni?"

Kíá ni gbogbo obìnrin ilé wa kúnlẹ̀ sínú omi. "Ẹ má bínú, a jẹ̀bi. Ẹ dárí jì wá."

Ẹ lè máa rò pé èébú ni ó bú wa. Rárá o. Bí ọmọ osú ṣe máa ń gba obìnrin ilé àna lálejò nìyẹn. Igi kò ní í gbẹ tó lójú wọn láéláé, omi kò ní í mọ́ tó, obìnrin ilé yóò sì máa bẹ̀. Mo ti rí i nílé wa níbi òkú púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tá ni wá, kò ní í bá igi wa wí. Ìgbà tó bá igi wa wí, ó ti sọ wá di àna lójú gbogbo ayé. Àwọn ọ̀dọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dàgbà nínú rẹ̀. Ọkùnrin gíga náà fi àdá rẹ̀ há abíyá, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

A sin bàbá náà. Ìyá mi tẹ́ aṣọ rẹ̀ bò ó, àwọn àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Nígbà tó kan aṣọ àna, àwọn ọmọ osú béèrè pé ọkọ àkọ́bí dà.  Ìyá mi ń wolẹ̀. Ni Ìyálé wa bá tú ìborùn ọrùn ara rẹ̀, ìborùn tó ti gbó, ó tẹ́ ẹ lé aṣọ tó kù, ó ní, "Ti ọkọ wa rèé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò dé ibí." Ìgbà yẹn gan-an ni ìyá mi tó ké. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́. Àwọn ọmọ osú ilé bàbá rẹ̀ mú un lápá kan, àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ mú un lápá kejì.

Òòrùn ti ń wọ̀ kí a tó padà. Bàbá mi wà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tí a sún mọ́ wọn, ó jáde kúrò láàárín wọn, ó gba ẹrù orí ìyá mi, ó sì gbé e ka orí ara rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Ìyá mi ní, "Ẹ ṣé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kì í ru ẹrù ìyàwó rẹ̀ níṣojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ayé ìgbà yẹn, àti pé ẹrù ọ̀nà Ìfọ́n tún ni. Wọ́n yọ ọ́ nínú àáró lọ́dún náà. Obìnrin ilé ló lọ bá a kọ ebè, bẹ́ẹ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n kọ, ebè wọ́ bí ọ̀nà ejò. Iṣu tí a jẹ lọ́dún náà kéré, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́. Nígbà tó ṣe, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà tún gbà á padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fún àwọn obìnrin wọ̀nyẹn lágbára. Àlejò ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ti Òṣogbo wá, ọ̀kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, òmíràn ti Ìfọ́n, ti Ẹrìn. Kò sí èyí tó lè sọ pé "àwa" nínú wọn kó jẹ́ pé Ìlobù nìkan ló ní lọ́kàn. Ẹgbẹ́ tó le jù nínú ilé wa, ọmọ ìlú mìíràn ló kún inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kò wọ́n lónìí náà. Ẹgbẹ́ àdúrà wà, ẹgbẹ́ alásálátù wà, ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé wà. Ọmọ-ọmọ mi ọkùnrin wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ìlobù lórí fóònù, ó ń ka ohun tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ fún mi nígbà mìíràn, ó ń sọ pé "àwọn Ìfọ́n yẹn." Mo bi í pé ìlú wo ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ó ní, "Ìyá àgbà, ìyẹn ti pẹ́." Àwọn tó jọra wọn tẹ́lẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìsinsìnyí ń kó jọ, wọ́n á wá túbọ̀ jọra. Ó ń bà mí lẹ́rù.

Wàhálà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ ní àìpẹ́ yìí, ó jó ilé, ó lé ènìyàn kúrò ní ibùsùn wọn, ẹ̀yin náà gbọ́. Nígbà tó rọlẹ̀, àbúrò ìyá mi tó kẹ́yìn kú ní Ìfọ́n. Mo sọ fún àwọn ìyàwó ọmọ mi pé mo fẹ́ lọ. Ọ̀kan wà ní ibi iṣẹ́ ní Òṣogbo. Ọ̀kan ní ẹ̀rù ń ba òun, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ìkẹta ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kí ni òun máa lọ ṣe? Wọ́n kì í ṣe ènìyàn búburú. Kò kàn sí ẹni tó tò wọ́n pọ̀ rí. Ọmọ-ọmọ mi bá mi pe ilé òkú lórí fóònù, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé òkú nínú rẹ̀. Mo ké. Mo kí i, mo kì í, mo sọ gbogbo ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ń sọ fún òkú. Nígbà tí mo ṣe tán, ọmọ náà ní ohùn fóònù ti wà ní pípa láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ọ̀nà là gbayawu lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Kò sí ọ̀dọ́ kan tó dúró létí odò láti bi mí pé ọmọ ta ni mí. Èmi ni n kò rí ẹni tí yóò bá mi lọ.